Etí Ni Kí A Fi Wo Sinimá Àtijọ́

Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wa ní Alájùẹ́, ní ìlú Ẹdẹ, a máa rẹ́rìn-ín bí a bá fi sinimá àtijọ́ hàn wọ́n. Wọ́n a ní àwòrán náà ti ṣá, àwọn òṣèré ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ń wàásù, ẹ̀rọ tí ó sì yà á kò kúrò lójú kan. A kò ní bá wọn jiyàn lórí gbogbo rẹ̀, nítorí òtítọ́ wà nínú ohun tí wọ́n wí. Ṣùgbọ́n ojú nìkan ni wọ́n fi ń wò ó, bẹ́ẹ̀ ni etí ni a fi ń jẹ adùn sinimá wọ̀nyí, pàápàá èyí tí a ṣe ní èdè wa. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ iyì wọn, kí ó kọ́kọ́ béèrè pé: Ta ni a jẹ́ kí ó sọ̀rọ̀? Èdè wo ni ó sì fi sọ ọ́?

Ẹ jẹ́ kí a mú Orlando Martins ṣe àpẹẹrẹ, ọmọ Èkó tí a bí ní 1899, tí ohùn rẹ̀ jinlẹ̀ bí ìyá-ìlù. Ní Ìlú Ọba ni ó ti di òṣèré. Ní 1946, nínú Men of Two Worlds, adáhunṣe ni wọ́n fi í ṣe, ẹni tí ń fi ẹ̀rù ba ará abúlé. Ní 1949, nínú The Hasty Heart, ó di Blossom, ọmọ ogun ará Básútò tí ó dùbúlẹ̀ ní ilé ìwòsàn ológun ní Burma. Blossom kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì; ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sọ ju orúkọ ara rẹ̀ lọ. Síbẹ̀, ẹ wo ọkùnrin yìí nígbà tí ó na ìlẹ̀kẹ̀ tí ó sín fúnra rẹ̀ sí ọmọ ogun Skọ́tíláǹdì tí ń kú lọ. Ọwọ́ àti ojú rẹ̀ ni ó fi sọ gbogbo ohun tí ìwé eré náà fi dù ú. Ronald Reagan tí ó di Ààrẹ Amẹ́ríkà ní 1981 wà nínú sinimá yìí pẹ̀lú ọ̀rọ̀ púpọ̀ lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ní ojú tiwa, ẹni tí a pa lẹ́nu mọ́ ni ó ṣeré jù ú lọ.

Martins padà sílé ṣeré nínú Kongi's Harvest ní 1970. Ilé-iṣẹ́ Francis Oladele ni ó ṣe é, Ossie Davis ará Amẹ́ríkà ni ó darí rẹ̀, Wọlé Ṣóyínká tí ó kọ eré náà sì ṣe Kongi fúnra rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó kọ sinimá náà sílẹ̀ lẹ́yìn náà. Adé wà níbẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ wà níbẹ̀, ìlù wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọba Yorùbá tí ń fi Gẹ̀ẹ́sì bínú dà bí ẹni tí ó yá agbádá wọ̀: ó bò ó lára, kò bá a mu.

Ní 1976 ni Àjàní Ògún dé. Ọlá Balógun, tí ó kọ́ iṣẹ́ sinimá ní Faransé, ni ó darí rẹ̀. Adéyẹmí Afọláyan, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Adé Love, ni olórí òṣèré. Ìtàn rẹ̀ kò ní ìṣòro: ọ̀dọ́mọkùnrin ọdẹ kan bá òṣèlú oníwà ìbàjẹ́ jà nítorí ilẹ̀ baba rẹ̀ tí ó gbà. A lè sọ pé ìtàn náà fúyẹ́, a kò sì ní jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn gbọ́ èdè ilé wọn láti ara ògiri ilé sinimá, pẹ̀lú orin àti ìlù. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Ìjà Òmìnira, tí a fa yọ láti inú Ọmọ Olókùn-Ẹṣin, ìwé tí Adébáyọ̀ Fálétí kọ ní 1969. Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ti kọ́ àwọn ọmọ ní ìwé náà, ẹ ó rí i pé Fálétí lè dúró pẹ́ nínú ọkàn ẹni tí ó kọ̀ láti sìn, ṣùgbọ́n sinimá kò lè dúró níbẹ̀. Ohun tí ìwé fi rò, ẹnu ni sinimá gbọ́dọ̀ fi sọ.

Dúró Ládípọ̀ náà wà nínú Àjàní Ògún, ó sì yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí rẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kàn wá. Ọmọ katikíìsì Ìjọ Áńgílíkà ni, olùkọ́ sì ni. Ní 1961 ó kọ orin Àjíǹde fún ìjọ ní Òṣogbo, ó lu ìlù ìbílẹ̀ sí i, àwọn kan nínú ìjọ kò sì fẹ́ ẹ. Bí ó ṣe gbé ìlù rẹ̀ jáde nìyẹn. Ní 1963 ó ṣe Ọba Kò So, nínú èyí tí Ṣàǹgó rán Tìmì lọ sí Ẹdẹ níhìn-ín. Ní 1964 ó gbé e dé ìlú Berlin. Bí a bá gbọ́ ohùn àwọn òṣèré wọ̀nyí tí ó ń lọ sókè sódò bí ohùn ẹni tí ń ka Sáàmù, kí a má ṣe pè é ní àìmọ̀ọ́ṣe. Hubert Ògúńdé pàápàá, inú ìjọ Aládùúrà ní Èkó ni ó ti bẹ̀rẹ̀ eré ní 1944.

Aiyé tí Ògúńdé ṣe ní 1979 ni ó máa ń pa àwọn ọmọ wa lẹ́rìn-ín jù. Ó fẹ́ kí ẹ̀rọ fi ohun tí orí ìtàgé kò lè fi hàn wá hàn. Idán wọ̀nyẹn ni ó sì kọ́kọ́ gbó. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ọ̀ṣẹ́tùrá, ẹni tí Ògúńdé fúnra rẹ̀ ṣe, bá bẹ̀rẹ̀ sí pe ọfọ̀, ẹ̀rín a dáwọ́ dúró. A kò gba ohun tí ọfọ̀ náà gbà gbọ́. Síbẹ̀ a kò mọ ibòmíràn tí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ti lè gbọ́ bí gbólóhùn Yorùbá ṣe ń gùn orí ara wọn bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ń bà wá lẹ́rù ni pé sinimá a máa kú bí ènìyàn. Àwọn olè ṣe àdàkọ Ọ̀run Móoru ti Baba Sàlá, tí ó jáde ní 1982, sínú kásẹ́ẹ̀tì, ó sì sọ ọkùnrin náà di onígbèsè. Shaihu Umar, sinimá Hausa ti 1976, wà ní ìpamọ́ ní Jos títí wọ́n fi tún rí i. Wọ́n tún un ṣe ní Jámánì, wọ́n sì fi í hàn ní Berlin ní 2018. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, bí kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ kan bá wà nínú àpótí baba yín, tí ẹ rí Àjàní Ògún tàbí Ìjà Òmìnira lára rẹ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí àwọn ọmọdé fà á tú. Ẹ mú un wá sí ilé-ẹ̀kọ́.