ONÍLÙ INÚ IGBÓ: IṢẸ́ DON JAZZY NÍNÚ ORIN ÌGBÀLÓDÉ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní kòkòrò tí ń jó lẹ́bàá ọ̀nà, onílù rẹ̀ ń bẹ nínú igbó. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ orin ìgbàlódé mu púpọ̀. Akọrin ni ojú ayé ń rí. Òun ni wọ́n ń ná owó fún, àwòrán rẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ ń lẹ̀ mọ́ ara ògiri. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó wá ìlù tí akọrin ń jó sí, tí ó mọ ibi tí ohùn yóò ti gòkè àti ibi tí yóò ti sọ̀ kalẹ̀, tí ó sì tún ń fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu nígbà mìíràn, inú igbó ni ó wà. Pirodúsà ni àwọn ènìyàn ń pè é. Díẹ̀ nínú àwọn tí ń jó ni ó máa ń béèrè orúkọ rẹ̀.

Ní ìlú Kàdúná, ìbéèrè nípa onílù inú igbó yìí kan olùkọ́ Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. Iṣẹ́ rélùwéè, iṣẹ́ ìjọba àti àwọn ilé-iṣẹ́ aṣọ híhun tí ó wà ní Kakuri ni ó gbé ọ̀pọ̀lọpọ̀ Yorùbá dé ìlú náà láyé àtijọ́. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ ń fọ Hausa ní ọjà àti ní àdúgbò, wọ́n ń fọ Gẹ̀ẹ́sì ní ilé-ìwé, ẹlòmíràn a sì máa fi Hausa dá ìyá rẹ̀ lóhùn bí ìyá bá fi Yorùbá pè é. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbé orin “Ololufe” ti Wande Coal sí i níbi ìgbéyàwó, ọmọ kan náà yóò la ẹnu, yóò sì fi Yorùbá kọ ọ́ tẹ̀lé akọrin. Ta ni ó fi èdè náà sí i lẹ́nu? Wande Coal ni, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n onílù tí ó wà nínú igbó fún Wande Coal ni Don Jazzy, ẹni tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Isoko, tí ìyá rẹ̀ sì jẹ́ Igbo. Ó tọ́ kí a gbé iṣẹ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ yẹ̀ wò, kí a mọ ibi tí ó ti dára àti ibi tí ó ti kù díẹ̀ káàtó.

Ìbẹ̀rẹ̀ Iṣẹ́ Rẹ̀

Michael Collins Ajereh ni orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́. Ìlú Umuahia ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1982, ṣùgbọ́n Ajégúnlẹ̀ ní ìlú Èkó ni ó dàgbà sí. Ajégúnlẹ̀ jẹ́ àdúgbò tí oríṣiríṣi ẹ̀yà ń gbé pọ̀, tí etí ọmọdé kò ti lè ṣe aláìgbọ́ èdè mẹ́ta tàbí mẹ́rin láàárín ọjọ́ kan. Láti kékeré ni ó ti ń ta gìtá olóhùn ìsàlẹ̀. Ní ọdún 2000 ó kọjá sí ìlú Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ó ti ń lu ìlù nínú ìjọ kan, tí ó sì tún ń ṣe iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ láti fi rí oúnjẹ òòjọ́. Ìlú náà ni ó ti bá ẹgbẹ́ JJC àti 419 Squad ṣe pọ̀. Ibẹ̀ náà ni òun àti Ọládàpọ̀ Oyèbánjọ, tí gbogbo ayé mọ̀ sí D’banj, ti di ọ̀rẹ́. D’banj yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ọmọ Ṣàgámù, Zaria ní ìpínlẹ̀ Kàdúná ni wọ́n bí i sí, nítorí pé ọmọ ológun ni. Àwọn ará Kàdúná kò jẹ̀bi bí wọ́n bá ní díẹ̀ nínú ìtàn yìí jẹ́ tiwọn.

Ní ọdún 2004 àwọn méjèèjì padà wálé, wọ́n sì dá ilé-iṣẹ́ orin Mo’ Hits sílẹ̀. Ìlù tí Don Jazzy fi kọ̀ǹpútà tò ni D’banj kọrin sí nínú àwo rẹ̀ mẹ́ta: No Long Thing ní 2005, Rundown Funk U Up ní 2006, àti The Entertainer ní 2008. Ní 2007 gbogbo ọmọ ilé náà pawọ́ pọ̀ gbé Curriculum Vitae jáde. Ní 2009 ni Wande Coal gbé Mushin 2 Mo’Hits tirẹ̀ jáde.

Kì í ṣe Don Jazzy ni ó kọ́kọ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí nílẹ̀ wa. Nígbà tí Shina Peters gbé àwo Ace jáde ní ọdún 1989, tí ìlú gbọ̀n tìtì, Laolu Akins, tí ó ti jẹ́ onílù ẹgbẹ́ BLO tẹ́lẹ̀, ni pirodúsà rẹ̀. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé Don Jazzy kò gbà kí igbó bo òun mọ́lẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ orin, kí akọrin tó la ẹnu, ohùn rẹ̀ yóò ti kéde orúkọ ara rẹ̀, yóò ní òun tún dé. Àwọn kan ka èyí sí ìgbéraga. Ẹni tí ó bá mọ orin àpàlà dáadáa kò ní sọ bẹ́ẹ̀, nítorí pé àwọn àgbà akọrin wa a máa dárúkọ ara wọn nínú orin wọn, wọn a sì máa ki ara wọn. Ohun tí ó jẹ́ tuntun ni pé onílù ni ó ń ṣe é, kì í ṣe akọrin.

Lílé àti Ègbè

Orin Yorùbá dúró lórí ẹsẹ̀ méjì: lílé àti ègbè. Ẹni kan yóò lé orin, àwọn yòókù yóò gbè é. Bí lílé bá dára tí ègbè kò dára, orin náà yóò rọ. Bí ègbè bá lágbára tí kò sí ọ̀rọ̀ nínú lílé, ariwo ni yóò kù. Òṣùwọ̀n yìí ni ó yẹ kí a fi wọn iṣẹ́ Don Jazzy, nítorí pé elégbè ni ó jẹ́ ju ohunkóhun lọ. Nínú ọ̀pọ̀ orin Mo’ Hits, ohùn tirẹ̀ gan-an ni à ń gbọ́ lẹ́yìn akọrin. Kò sì gbè fún gbogbo ènìyàn bákan náà.

D’banj kì í ṣe olóhùn iyọ̀, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹlẹ́fẹ̀ ni, òun náà sì ń ki ara rẹ̀ ní Ẹja Ńlá. Nítorí náà, ìlù tí Don Jazzy tò fún un máa ń fi àyè sílẹ̀: àyè fún ẹ̀fẹ̀, àyè fún ìgbéraga, àyè fún hamónííkà tí D’banj ń fọn. Ègbè ibẹ̀ kúrú, ó sì rọrùn dé ibi pé ẹni tí kò gbọ́ orin náà rí lè gbè é ní ẹ̀ẹ̀kejì tí ó bá yí dé. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe “Tongolo” ní 2005. Bẹ́ẹ̀ náà ni “Oliver Twist” tí ó jáde ní 2011, tí ó sì dé ipò kẹsàn-án lórí àtẹ orin Ìlú Ọba ní 2012. Ọmọ aláìlóbìí inú ìwé ìtàn Charles Dickens, tí ó ní kí wọ́n bu oúnjẹ kún oúnjẹ òun, ni orin yìí sọ di ọkùnrin tí obìnrin kan kò tó. Ẹ̀fẹ̀ náà dùn mọ́ ẹni tí ó ti ka ìwé náà ní ilé-ìwé. Ìlù nìkan ni ó gba ti ẹni tí kò kà á.

Ti Wande Coal yàtọ̀ pátápátá. Ọmọ Muṣin tí ohùn rẹ̀ lè lọ sókè kí ó sì rọra balẹ̀ ni èyí. Don Jazzy dín ẹ̀fẹ̀ kù fún un, ó sì to ègbè ní ìpele ìpele, ohùn lórí ohùn, bí ti ẹgbẹ́ akọrin ìjọ. “Ololufe” ni ó fi èyí hàn jù lọ. Orin ìfẹ́ tí kò yára ni. Yorùbá ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo rẹ̀, kò sì sí ọ̀rọ̀ líle kan nínú rẹ̀ tí ọmọ ọdún mẹ́wàá kò ní lóye. Àkọlé tí wọ́n kọ sí ara àwo kò ní àmì ohùn kankan, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó ń ṣì í pè, torí pé etí ni ó fi kọ́ ọ. Pirodúsà tí ó bá ń wá ariwo nìkan ì bá ti fi ìlù bo irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀. Don Jazzy mọ ìgbà tí onílù gbọ́dọ̀ sún sẹ́yìn. Ìdí nìyí tí ọmọ Kàdúná fi rí Yorùbá mú nínú orin náà lọ sílé.

Ibi tí Iṣẹ́ Rẹ̀ Kù Díẹ̀ Káàtó

Ní 2011 Don Jazzy àti D’banj wọ ilé-iṣẹ́ GOOD Music ti Kanye West ní Amẹ́ríkà. Orúkọ Don Jazzy sì wà lára àwọn tí ó ṣiṣẹ́ lórí “Lift Off” nínú àwo Watch the Throne. Kò pẹ́ tí àwọn ọ̀rẹ́ méjì yìí fi pínyà. Mo’ Hits túká ní 2012, Don Jazzy sì dá Mavin sílẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún náà.

Orin tí ó gba ìgboro jù nínú àwọn ọdún àkọ́kọ́ Mavin ni “Dorobucci” ti ọdún 2014. Akọrin méje ni ó wà nínú rẹ̀, Don Jazzy fúnra rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀kan. Ohun tí wọ́n ṣe kò ju pé wọ́n ń fi “doro” ṣáájú ọ̀rọ̀ kan tẹ̀lé òmíràn. Ẹni tí ó bá kọ́ gírámà Yorùbá yóò rí i lójú ẹsẹ̀ pé àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n sọ “doro” dà. Ṣùgbọ́n àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ tiwa ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe. “Oní-” inú “onílé” sọ fún wa ẹni tí ó ni ilé. “Àì-” inú “àìsùn” sọ fún wa pé oorun kò wá. “Doro” kò sọ nǹkan kan ju pé ẹni tí ń kọrin wà nínú ìgbádùn. A lè wí pé àwọn orin eré òṣùpá náà ní ọ̀rọ̀ tí kò nítumọ̀ nínú. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n eré kan wà tí orin bẹ́ẹ̀ ń darí: kíkà ni, tàbí sísá pamọ́, tàbí dídán ọpọlọ wò. Ní ti “Dorobucci”, ègbè ni gbogbo rẹ̀. Kò sí lílé. Ijó tán, ọ̀rọ̀ tán.

Èyí ni àléébù tí ó máa ń hàn nínú iṣẹ́ ọ̀gá yìí nígbà tí kò bá sí akọrin tí ó ní ọ̀rọ̀ níwájú rẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Wande Coal wá a, òun náà sì wá Wande Coal.

Ta ni Ó Ni Orin?

Nígbà tí ó di 2013, àwọn méjì yìí gbé ọ̀rọ̀ dé gbangba. Wande Coal gbé orin kan tí ń jẹ́ “Baby Face” jáde. Don Jazzy ní iṣẹ́ òun ni, pé wọ́n mú un láìgba àṣẹ. Wande Coal sì kúrò ní Mavin lọ́dún náà. Kì í ṣe dandan kí a dá ẹjọ́ yìí. Ohun tí ó yẹ kí a rí nínú rẹ̀ ni bí ayé orin ti yí padà. Ní agbo ìlú, kò sí ẹni tí í bi elégbè àti olùlé léèrè ẹni tí ó ni orin. Agbo ni ó ni ín. Nígbà tí orin di ọjà tí à ń tà, onílù inú igbó gbọ́dọ̀ jáde síta wá jà fún ìlù rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ebi ni yóò pa á.

Don Jazzy kò jẹ́ kí ebi pa òun. Ó sọ Mavin di ilé tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń kọ́ṣẹ́, ó sì fà wọ́n lé àwọn pirodúsà mìíràn lọ́wọ́. Rema, ọmọ Benin, wọ ilé náà ní 2019. Andre Vibez wà lára àwọn tí ó to “Calm Down” tí Rema gbé jáde ní 2022, èyí tí ó dé ipò kẹta lórí àtẹ Billboard Hot 100 ní Amẹ́ríkà ní 2023, lẹ́yìn tí Selena Gomez ti dá sí i. Ayra Starr, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Kútọnu, tẹ̀lé e ní 2021. Ní 2024 ilé-iṣẹ́ Universal ra ìpín tí ó pọ̀ jù nínú Mavin. Onílù ti di onígbó. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni ó pọ̀ jù nínú “Calm Down”, ọmọ Kàdúná tí ó bá sì kọ ọ́ láti àárọ̀ di alẹ́, kò ní rí Yorùbá kankan kọ́ níbẹ̀. A kò lè dá Rema lẹ́bi, torí pé kì í ṣe Yorùbá. A kò sì lè dá Don Jazzy lẹ́bi pé ó ta ohun tí ọjà ń béèrè.

Ìparí

Don Jazzy jẹ́ ọ̀gá nínú iṣẹ́ rẹ̀. Òun kọ́ ni ó jogún Yorùbá, síbẹ̀ ó tọ́jú èdè náà dáadáa nígbà tí akọrin gbé e wá síwájú rẹ̀. Ohun tí iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ wa ni pé ègbè kì í kọ̀. Lílé ni ó sọnù. Bí olùkọ́ Yorùbá ní Kàdúná tàbí níbikíbi bá fẹ́ kí orin ọ̀la ní Yorùbá nínú, kí ó má bá pirodúsà jà. Kí ó gbé “Ololufe” wọ kíláàsì, kí ó ní kí àwọn ọmọ ya lílé rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ègbè, kí wọ́n fi àmì ohùn sí àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti mọ̀ lórí. Lẹ́yìn náà, kí olúkúlùkù kọ lílé tirẹ̀. Onílù ń bẹ nínú igbó, ó ti ń lù. Àwọn tí yóò mú ọ̀rọ̀ wá ni ó ń retí.