Ohun Tí Wọ́n Yọ Kúrò

Kò sẹ́ni tó lè fa kúáàkì yọ nínú pírótọ́ọ̀nù kó gbé e lé àtẹ́lẹwọ́. Àwọn tó fẹ́ mọ ìṣe rẹ̀ nínú kókó átọ́ọ̀mù a máa ju ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù lu kókó náà, wọ́n á wo ibi tó yà sí àti agbára tó kù lára rẹ̀. Láti inú méjèèjì ni wọ́n ti ń ṣírò ìpín tí kúáàkì tó kọlù ń kó nínú ìrìn pírótọ́ọ̀nù. Ibi tí ọgbọ́n iṣẹ́ náà wà, lójú tèmi, ni mímọ ohun tó yẹ kí wọ́n yọ kúrò.

Ní Jefferson Lab, ní Newport News ní Virginia, mágínẹ́ẹ̀tì ńlá ló ń tẹ ọ̀nà ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó ta padà. Bó bá ṣe tẹ̀ tó ni wọ́n fi ń mọ agbára rẹ̀. Ṣùgbọ́n èérún mìíràn, píọ́ọ̀nù, ń bá a rìn. Wọ́n wá gbé àgbá tó kún fún gáàsì sójú ọ̀nà: ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù á tan ìmọ́lẹ̀ nínú rẹ̀, píọ́ọ̀nù tó wúwo jù ú lọ kò ní tàn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni gíláàsì olójé wà, tó ń mu agbára ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tán pátápátá.

Ayédèrú kan tún wà tí irinṣẹ́ kankan kò lè dá mọ̀. Inú ohun tí wọ́n ń lù gan-an ni ìmọ́lẹ̀ alágbára ti ń bí i, ní méjì-méjì: ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan, pósítírọ́ọ̀nù kan. Ohun tí wọ́n ṣe sí i wù mí púpọ̀. Wọ́n á yí mágínẹ́ẹ̀tì sí òdì kejì, wọ́n á ka pósítírọ́ọ̀nù, wọ́n á sì yọ iye yẹn kúrò nínú iye ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù. Ìkejì ayédèrú ni wọ́n fi ka ayédèrú.

Ní 1983, àwọn tó ń fi míúọ́ọ̀nù ṣiṣẹ́ ní CERN kéde pé ìpín kúáàkì nínú irin kò bá ti inú diutéríọ́ọ̀mù, ìyẹn háídírójìn tó wúwo, mu. Ó yani lẹ́nu, torí agbára tó so kókó átọ́ọ̀mù pọ̀ kéré jọjọ sí èyí tí wọ́n fi ń lù ú. Arie Bodek àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá padà sídìí iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe ní SLAC, ní California, ní ẹ̀wádún 1970. Inú agolo irin ni diutéríọ́ọ̀mù ìgbà náà wà, wọ́n sì ti lu agolo náà lófìfo, kí wọ́n lè mọ ohun tí ara rẹ̀ dá sí i, kí wọ́n sì yọ ọ́. Irin ṣáà ni agolo! Ìṣirò tí wọ́n ṣe kí wọ́n lè gbàgbé irin ló wá di ẹ̀rí: ìyàtọ̀ náà wà níbẹ̀. Ká ní wọ́n fojú bù ú nígbà yẹn ni, kì bá tí sí ohun tí wọ́n fẹ́ padà sí.

Lẹ́yìn náà ni SLAC lu oríṣiríṣi kókó átọ́ọ̀mù, láti hílíọ́ọ̀mù títí dé wúrà. Ní 2009, Jefferson Lab gbé ti bẹ̀rílíọ́ọ̀mù jáde. Kókó tirẹ̀ fẹ̀, kò kì, síbẹ̀ ìyàtọ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti kábọ́ọ̀nù. Ìṣù méjì tó dà bíi hílíọ́ọ̀mù ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, pẹ̀lú niútírọ́ọ̀nù kan. Ó jọ pé àwọn pírótọ́ọ̀nù àti niútírọ́ọ̀nù mìíràn tó fún mọ́ pírótọ́ọ̀nù tímọ́tímọ́ ló ń yí ìṣe kúáàkì padà, kì í ṣe bí gbogbo kókó náà ṣe kì tó.