Ojú Tó Ń Ṣọ́ Aláìsàn

Nínú gbogbo iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, èyí tí mo gbóríyìn fún jù ni kí ó tètè dá sepsis mọ̀. Àkóràn ní í fà á: ara á fẹ́ bá àrùn jà, á wá máa ba ara rẹ̀ jẹ́, títí kíndìnrín àti ẹ̀dọ̀fóró á fi daṣẹ́ sílẹ̀.

Nọ́ọ̀sì tó mọṣẹ́ á ka èémí, á wo ìfúnpá, ìlùkìkì ọkàn, ìgbóná ara àti ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀, á sì wò ó bóyá iyè aláìsàn ṣì pé. Á fi wọ́n ṣírò máàkì NEWS2, tó ń sọ bí àìsàn náà ṣe le tó. Bó bá di 5, ọ̀rọ̀ ti di kánkán. Bó bá di 7, eré ni. Lára àwa aláwọ̀ dúdú, á yẹ àtẹ́lẹwọ́, ètè àti ahọ́n wò, torí ibẹ̀ ni àwọ̀ tó yí padà ti ń hàn. Wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ fún àyẹ̀wò, wọ́n á sì fa oògùn apakòkòrò sí i lára láìjáfara.

Ní 2021, sepsis pa Martha Mills, ọmọ ọdún 13, lẹ́yìn tí wọ́n ti tọ́jú rẹ̀ ní King's College Hospital, tí kò jìnnà sí Peckham wa ní London. Àwọn òbí rẹ̀ ti fi ẹ̀rù wọn hàn, ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn náà kò fetí sí wọn. Látàrí èyí ni Martha's Rule ṣe bẹ̀rẹ̀ ní 2024 láwọn ilé ìwòsàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: ẹbí lè ní kí ikọ̀ mìíràn wá yẹ aláìsàn wò.

Ẹ̀yin ìyá àti bàbá, bí ọmọ yín ò bá rí bó ṣe máa ń rí, ẹ béèrè fún àyẹ̀wò yìí. Kì í ṣe àfojúdi sí dókítà.