Òfin Ẹ̀tọ́ Àdàkọ Ọdún 2022 àti Ìwé Yorùbá Inú WhatsApp: Lámèyítọ́ Kan

Òfin Ẹ̀tọ́ Àdàkọ ti ọdún 2022, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kẹta ọdún 2023, ya apá kan sọ́tọ̀ fún ohun tí à ń gbé sórí ayélujára. Èyí dára. Bí ẹnìkan bá gbé ìwé oníwèé síta láìgbàṣẹ, ẹni tó ni ẹ̀tọ́ lè kọ̀wé sí iléeṣẹ́ tó ni ojúlé náà. Iléeṣẹ́ yóò fi tó ẹni tó gbé e síta létí. Bí onítọ̀hún kò bá wí àwíjàre láàárín ọjọ́ 10, wọn yóò yọ ọ́ kúrò. Ní Amẹ́ríkà, lábẹ́ òfin ọdún 1998, yíyọ ló máa ń ṣáájú àwíjàre.

Àmọ́ ojútáyé ni ètò yìí wà fún. Inú ẹgbẹ́ WhatsApp kíláàsì ni ìwé Yorùbá ti ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́: a ó fi fóònù ya ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, a ó sọ ọ́ di PDF (àwọn kan tilẹ̀ máa ń lẹ orúkọ tiwọn mọ́ iwájú rẹ̀). Iléeṣẹ́ tó ni WhatsApp kò lè ka ohun tí a fi ránṣẹ́ níbẹ̀. Ta ni yóò wá kọ̀wé sí ta?

Ẹ jẹ́ ká wo Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tó jáde ní ọdún 1938. Kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni lè dà kọ bó ṣe wù ú. Ọdún 70 lẹ́yìn òpin ọdún tí òǹkọ̀wé kú ni ẹ̀tọ́ ń parí. D. O. Fagunwa kú ní oṣù kejìlá ọdún 1963, nítorí náà, ó di ìparí ọdún 2033. Olùkọ́ tó da odindi rẹ̀ sínú ẹgbẹ́ ti rú òfin, bí kò tilẹ̀ gba kọ́bọ̀. Odindi ni mo wí. Òfin fàyè gba mímú díẹ̀ fún lámèyítọ́ tàbí ìwádìí tí kì í ṣe ti òwò, bí kò bá ti pa ọjà ìwé náà lára.

Ìwé tí kò sí lọ́jà mọ́ ló ṣòro jù. Òfin gbà kí a tọ Àjọ Ẹ̀tọ́ Àdàkọ lọ fún ìwé àṣẹ láti tún irú rẹ̀ tẹ̀ fún ìkẹ́kọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n olùkọ́ wo ló fẹ́ dá ṣe gbogbo ìwé-kíkọ àti ìdúró yẹn nítorí kíláàsì kan ṣoṣo? Níbí ni mo ti rí àléébù òfin náà: akọ̀wé tó ní agbẹjọ́rò ló fi ọkàn sí. Ilé ìkàwé kọ́lẹ́ẹ̀jì ló yẹ kó máa bèèrè àṣẹ yìí lórúkọ gbogbo ẹ̀ka, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọn ìwé tó wà nínú sílébọ́ọ̀sì.