Níbo Ni A Ó Sá Sí? Àgbéyẹ̀wò Ìwé World War Z

Ìtàn àròsọ ni World War Z, tí Max Brooks, ọmọ Amẹ́ríkà, kọ ní ọdún 2006. Àjàkálẹ̀ àrùn kan ṣẹ́ yọ nílẹ̀ Ṣáínà, ó ń sọ ènìyàn di òkú tí ń rìn, tí ń bu alààyè jẹ. Kì í ṣe àkúdàáyà inú ìtàn àwọn baba wa ni a ń wí o. Àkúdàáyà a máa ṣòwò, a máa fẹ́yàwó nílùú òkèèrè, kì í pa ẹnikẹ́ni jẹ. Àwọn tí wọ́n yè ni onkọ̀wé fi ọ̀rọ̀ sí lẹ́nu, tí wọ́n sì ń ròyìn ibi tí wọ́n sá sí. Ibi ìsádi yìí ni àgbéyẹ̀wò wa dá lé lórí.

Kò sí àní-àní pé onkọ̀wé fi ọgbọ́n yan ibùdó. Òtútù a máa sọ àwọn òkú náà di yìnyín. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ ará Amẹ́ríkà wọ́ lọ sí ìhà àríwá. Ṣùgbọ́n òtútù kan náà, pẹ̀lú ebi, ni ó pa púpọ̀ nínú wọn. Ìjọba wọn fi àwọn òkè Rocky ṣe odi. Kúbà, erékùṣù tí omi yí ká, rí ara gbà, ó tilẹ̀ di ọlọ́rọ̀. Kò sí ibi tí kò ní ewu tirẹ̀. Èyí ni ó mú kí ìtàn náà ṣe é gbà gbọ́.

Ibi tí ó kù sí, ní èrò tèmi, ni ètò Redeker tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Gúúsù Áfíríkà. A kó àwọn díẹ̀ pamọ́, a sì fi àwọn yòókù sílẹ̀ kí àwọn òkú lè dojú kọ wọ́n. Onkọ̀wé kò fi ìkà inú rẹ̀ pamọ́. Síbẹ̀, ó jẹ́ kí ètò náà yọrí, kí àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn sì wò ó kọ́ṣe, bí ẹni pé ọ̀nà mìíràn kò sí.

Ṣé bẹ́ẹ̀ ni ó rí nílẹ̀ tiwa? Àwa kò ní òtútù. Àpáta ni a ní. Abẹ́ Olúmọ ni àwọn Ẹ̀gbá sá sí ní 1830. Orí òkè ni àwọn ará Ìdànrè gbé fún ìgbà pípẹ́. Àpáta Zuma, tí à ń wò lọ́nà Kàdúná, ni ààbò àwọn Gbagyi. Ṣùgbọ́n àpáta nìkan kì í gba ènìyàn là. Nígbà tí àwọn ajagun jíhàádì lé Muhammadu Makau, ọba Haúsá, kúrò ní Zaria ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àárín àwọn Koro àti Gbagyi, ní agbègbè Zuba, ni òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ sá wá. Abu Ja, àbúrò rẹ̀, ni ó tẹ ìlú Abuja dó ní 1828. Ní 1976 ni a fi orúkọ náà fún olú-ìlú tuntun, tí ìlú àtijọ́ sì di Suleja. Orúkọ ìsáǹsá ni olú-ìlú wa ń jẹ́.

Ẹni tí a bá lábà ni baba, ni Yorùbá wí. Níhìn-ín, àlejò ni ó di ọba lé onílé lórí. Nígbà tí olú-ìlú sì dé, ilẹ̀ Gbagyi náà ni ìjọba gbà. Kí ni onílé jèrè? Brooks fẹ́rẹ̀ẹ́ bi ìbéèrè yìí ní Kúbà, níbi tí àwọn àlejò láti Amẹ́ríkà ti yí ìlú padà. Àmọ́ ẹnu oníṣòwò tí ó jèrè nínú rẹ̀ ni a ti gbọ́ ọ. A kò gbọ́ ti ẹni tí ó pàdánù.

Ìwé tí ó yẹ ní kíkà ni, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Bí a bá fi kọ́ ọmọ, kí a má ṣe bi í léèrè ibi tí yóò sá sí nìkan. Kí a bi í ní ẹni tí yóò ṣílẹ̀kùn fún un, àti ohun tí yóò jẹ ẹni náà ní gbèsè.