Ẹ̀bẹ̀ Láìsí Alárinà: 'Baby Jọ̀wọ́' ti Victor Ọláìyá

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé 'Baby Jọ̀wọ́' kò yẹ ní kíláàsì Yorùbá nítorí ọ̀rọ̀ àyálò inú àkọlé rẹ̀, kò tíì wo ìtàn tí ó bí orin náà.

Ará Ìjẹ̀ṣà-Ìṣu ní Èkìtì ni àwọn òbí Ọláìyá. Kàlàbá ni a bí i sí ní 1930. Ní 1954 ó dá ẹgbẹ́ Cool Cats sílẹ̀ ní Èkó, níbi tí tọkùnrin tobìnrin ti ń pàdé lójú agbo háíláìfù láìsí ẹbí láàrin wọn.

Láyé àtijọ́, ní ìlú bí Ìwó àti Ilé-Ogbó, alárinà ni ó ń gbé ọ̀rọ̀ ìfẹ́ lọ, ẹbí ni ó sì ń tọrọ ìyàwó. Nínú ẹkún ìyàwó pàápàá, àwọn òbí ni ọmọbìnrin ń kọjú sí. Òwe ní bí aya bá mojú ọkọ tán, alárinà a yẹ̀ba. Nínú orin Ọláìyá, alárinà kò tilẹ̀ sí tí yóò yẹ̀ba: olólùfẹ́ fi ẹnu ara rẹ̀ bẹ̀bẹ̀ ní gbangba.

'Jọ̀wọ́' ni òpó orin náà. 'Baby' ń pe ẹni tí ọkàn fẹ́ ṣùgbọ́n tí ẹbí kò tíì sọ di ìyàwó. Ní 2013, ọdún méje kí Ọláìyá tó di olóògbé, òun àti 2Face Idibia, ọmọ Ìdọ̀mà, tún orin náà gbé jáde.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe ka ọ̀rọ̀ àyálò sí àṣìṣe kí ó tó béèrè iṣẹ́ tí ó ń ṣe.