Orúkọ Power Nínú Ìwé Seary

Ní ọdún 1977 ni Yunifásítì Memorial ní erékùṣù Newfoundland tẹ ìwé E. R. Seary jáde, Family Names of the Island of Newfoundland, tí ó to orúkọ àwọn ìdílé erékùṣù náà bí ìwé atúmọ̀ èdè. Orúkọ kan ṣoṣo ni a ó fi yẹ̀ ẹ́ wò, èyíinì ni Power.

Àwọn ará Norman ni wọ́n gbé e wọ Ireland ní òpin ọgọ́rùn-ún ọdún kejìlá. Le Poer ni wọ́n ń kọ ọ́ nígbà náà. Ó gbilẹ̀ púpọ̀ ní Waterford. Láti èbúté Waterford yìí kan náà ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ti wọkọ̀ lọ pẹja ní Newfoundland, pàápàá láàrin ọdún 1770 sí 1830. Àwọn kan padà sílé nígbà tí àsìkò ẹja parí. Àwọn mìíràn jókòó, wọ́n gbin ọ̀dùnkún, wọ́n sin màlúù, wọ́n sì ń fi iyọ̀ sí ẹja tí wọ́n ń tà.

Iṣẹ́ ńlá ni Seary ṣe. Kò dúró lórí ìtumọ̀ orúkọ nìkan, ó kọ ibi àti ọdún tí a ti rí i nínú àkọsílẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó ti jókòó ti ìwé ìrìbọmi àtijọ́ rí, tí tàdáwà rẹ̀ ti ń pa rẹ́, yóò kí i kú iṣẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ń wá baba ńlá rẹ̀ yóò rí Power ní èbúté yìí, yóò rí Power ní èbúté kejì, yóò sì sọ wọ́n di ọmọ ìyá. Ìwé náà kò wí bẹ́ẹ̀; títò tí ó tò wọ́n sábẹ́ orí kan ni ó ń tan òǹkàwé. Àwọn obìnrin ńkọ́? Bí ọmọbìnrin Power bá ti lọ sílé ọkọ, ó ti kúrò lábẹ́ orí náà, àti òun àti ọmọ rẹ̀.

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Orúkọ ni Seary wò. John Mannion ni ó wo ilé, nínú Irish Settlements in Eastern Canada, ní 1974. Ó tọ àwọn ará Ireland lọ dé Cape Shore ní Newfoundland, ó wo bí wọ́n ti ń dáko àti irú ilé tí wọ́n ń kọ́, ó sì fi wọ́n wé ti ìlú tí wọ́n ti wá.

Ohun mìíràn wà tí ó sàn fún olùwádìí ju ìwé méjèèjì lọ. Iná tí ó jó ilé àkọsílẹ̀ ìjọba ní Dublin ní 1922 run èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìwé ìkànìyàn Ireland láti 1821 sí 1851. Ṣùgbọ́n lórí òkúta ibojì púpọ̀ ní Newfoundland, wọ́n gbẹ́ párìṣì tí òkú náà ti wá ní Ireland sí abẹ́ orúkọ rẹ̀.